Òtítọ́ àti Ìdárayá Nínú Sinimá Napoleon

Eré sinimá tí a pè ní Napoleon, èyí tí Ridley Scott, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní ọdún 2023, jẹ́ ohun tí ó yẹ kí àwọn olùkọ́ wa gbé yẹ̀ wò. A kò sẹ́ pé ó dùn ún wò. Ogun Austerlitz ti ọdún 1805, níbi tí yìnyín ti fọ́ mọ́ àwọn ọmọ ogun lẹ́sẹ̀, ń dẹ́rù bani. A kò sì bá ẹni tí ó ṣe é wí nítorí pé ó ké ìtàn kúrú.

Ṣùgbọ́n kíké ìtàn kúrú yàtọ̀ sí yíyí i padà. Eré náà fi Napoleon sáàrin èrò nígbà tí a bẹ́ orí Ayaba Marie Antoinette ní Paris ní oṣù October, 1793. Toulon ni ó wà nígbà náà, lójú ogun. Ó mú kí ó yin àgbá lu Pírámídì Íjíbítì. Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bí ibùsọ̀ 9 ni ó wà láàrin ojú ogun ọdún 1798 náà àti Pírámídì.

Àwọn kan yóò wí pé àwọn baba wa pẹ̀lú a máa fi àsọdùn kún oríkì jagunjagun. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbọ́ oríkì mọ̀ pé ìyìn ni. Eré yìí ka iye òkú ogun ní ìparí, bí ẹni pé ìwé ìtàn ni.

Síbẹ̀, lójú wa, ìdákẹ́ rẹ̀ burú ju irọ́ Pírámídì lọ. Ilẹ̀ Faransé ti fi òfin pa oko ẹrú rẹ́ ní 1794. Napoleon ni ó dá a padà ní 1802. Ní ọdún kan náà ni àwọn ọmọ ogun rẹ̀ mú Toussaint Louverture ní erékùṣù tí Háítì wà lónìí. Ó sì kú sínú ẹ̀wọ̀n ní ilẹ̀ Faransé ní 1803. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣẹ́gun, wọ́n sì gba òmìnira ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1804. Àwọn ará ilẹ̀ wa, tí a ń pè ní Nàgó níbẹ̀, wà lára àwọn ẹrú náà. Eré náà ráyè fún ìfẹ́ Napoleon àti Josephine. Kò ráyè fún ogun yìí.

Nítorí náà, kí olùkọ́ má ṣe dá àwọn ọmọ lẹ́kun láti wo irú eré bẹ́ẹ̀. Kí ó bá wọn wò ó, kí ó mú ìwé ìtàn lọ́wọ́, kí ó sì bi wọ́n pé: ta ni a kò fi hàn? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ni yóò rán òtítọ́ náà níṣẹ́.