Kóredé, Ẹ̀gbọ́n Arẹwà

Ìpara ìbóra kò wọ́n lọ́jà Ìyànà-Ìbà, bíi pé ẹni dúdú kò lè rẹwà. Ìdí nìyí tí mo fi ń yin ìwé Oyinkán Braithwaite, My Sister, the Serial Killer (2018), fún àwọn ọmọbìnrin Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU). Nọ́ọ̀sì ni Kóredé. Ó ga, ó dúdú. Ayọ̀ọlá àbúrò rẹ̀ kúrú, ó pọ́n, ìdí rẹ̀ yọ. Ó ń pa ọkùnrin, Kóredé ń fi jíìkì nu ẹ̀jẹ̀. Síbẹ̀, arẹwà ni gbogbo ayé ń gbè lẹ́yìn. Dókítà Tádé tí Kóredé ń fẹ́ lọ́kàn rí Ayọ̀ọlá, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ibi tí iṣẹ́ òǹkọ̀wé yìí ti tẹ́ mi lọ́rùn jù ni pé kò sọ Kóredé di arẹwà lójijì. Ẹnu rẹ̀ la ti ń gbọ́ ìtàn, ojú rẹ̀ la fi ń wo gbogbo wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá a kà.