Àlàyé Bàbá Nínú Orin Hárúnà Ìṣọ̀lá: Ohun tí Àdàkọ Wa Ń Fi Sílẹ̀

Orin àpàlà kì í ṣe àjèjì sí àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ alohùn. Bí a bá fẹ́ ṣe àtúpalẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu akọrin ni a máa ń dà kọ. Bí etí adàkọ bá já sí ìlù, a fi ọ̀rọ̀ ìlù kún un. Lójú tèmi, ohun kan ṣì kù. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a kọ́kọ́ gbọ́ Hárúnà Ìṣọ̀lá (1919–1983) nílé bàbá wa kò gbọ́ òun nìkan rí. Àlàyé bàbá wà láàárín orin, bí ẹni pé bàbá wà lára àwọn elégbè. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ti pa ipò dà, tí ó tún gbọ́ orin náà lónìí, yóò mọ̀ pé nǹkan kan ti yọ kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwo Oroki Social Club tí ó jáde ní 1971. Òròkí ni oríkì Òṣogbo. Ẹgbẹ́ afẹ́ kan níbẹ̀ ni Hárúnà fi àwo náà yẹ́ sí. Irú orin bẹ́ẹ̀ kún fún orúkọ ènìyàn, ọmọ tí a bí sí ibòmíràn kò sì ní mọ ìdí tí a fi ń kì wọ́n. Bàbá mi kì í ṣe ọmọ Òṣogbo, ṣùgbọ́n a máa gbé abẹ́rẹ́ kúrò lójú àwo, a bi mí pé, "Ṣé o gbọ́ ohun tí ìlù yẹn wí?" N ó ní n kò gbọ́. Yóò sọ ọ́ fún mi, yóò sì dá abẹ́rẹ́ padà kí n lè fi etí ara mi gbọ́ ọ. Nígbà tí ó pẹ́, ojú àwo náà họ ní gbogbo ibi tí ó ti máa ń dúró ṣe àlàyé. Bí abẹ́rẹ́ bá ti ta pàrà, mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. (Ìyá mi mọ oríkì ju bàbá mi lọ; bàbá ni ó ni ẹ̀rọ.)

Kì í ṣe gbogbo orin ni ó gba irú ìkẹ́kọ̀ọ́ yìí. Hárúnà kò fi gìtá kọrin. Àgídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù ni ó gbé orin rẹ̀ dúró, ìjókòó ni ó sì fi ń kọ ọ́, láìkánjú. Àyè wà fún ìlù láti sọ̀rọ̀, àyè sì wà fún bàbá láti túmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn ni ìlù ń gbé jáde, kì í ṣe kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì. Gbólóhùn méjì tí ohùn wọn bára mu lè wọ inú ìlù kan náà. Ìdí nìyí tí àgbà méjì fi lè fún ìlù kan ní ìtumọ̀ méjì. Onímọ̀ tí ó bá mú ọ̀kan, tí ó ní òun ni ó tọ̀nà, tí ó sì da èkejì nù, ti da ẹ̀rí nù. Ohun tí ẹnìkan gbọ́ ń fi ìlú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti ìbẹ̀rù rẹ̀ hàn. Níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń gbọ́ ìyìn, ìkìlọ̀ nípa gbèsè ni bàbá tèmi máa ń gbọ́ ṣáá.

Ìrántí ti Músílíù, ọmọ Hárúnà, yàtọ̀. Àwo rẹ̀, Soyoyo, tí ó jáde ní 2000, mú kí àwọn ọ̀dọ́ tún tẹ́tí sí àpàlà, ọ̀pọ̀ sì ní ohùn bàbá ni àwọn ń gbọ́ lẹ́nu ọmọ. Iṣẹ́ ńlá ni. Akọrin ní àrólé. Ta ni àrólé bàbá tí ó jókòó ti ẹ̀rọ? Hárúnà fúnra rẹ̀ mọ bí a ti ń tọ́jú ohùn: òun àti I. K. Dairo dá ilé-iṣẹ́ STAR sílẹ̀ ní 1969, ó sì dá ibi ìgbohùnsílẹ̀ sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní 1979. Orin rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, láìsí ibi tí ó họ.

Ẹnìkan lè ní ẹ̀dùn ọkàn ni èyí, kì í ṣe lámèyítọ́. Mo gbà pé ẹ̀dùn ọkàn wà níbẹ̀. Síbẹ̀, a ń gba ìtumọ̀ ẹsẹ Ifá lẹ́nu babaláwo, a sì ń kà á sí ìmọ̀. N kò rí ìdí tí a ó fi ka àlàyé olùgbọ́ àpàlà sí ọ̀rọ̀ yàrá lásán. Ẹni tí ó ra àwo 1971 náà ní ọmọ 20 ọdún ti lé ní 70 lónìí. Ó yẹ kí àdàkọ wa ní ìlà kẹta lábẹ́ ọ̀rọ̀ akọrin àti ọ̀rọ̀ ìlù: ohun tí àgbà tí ń gbọ́ ọ wí, ibi tí ó ti dá orin dúró láti wí i, ìlú rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀.