Fọ́tò M5 Kí Oòrùn Tó Wọ̀

Ẹni tó bá ra M5 tí BMW ṣe láàárín 1998 sí 2003, èyí tí wọ́n ń pè ní E39, kó má yà á ní fọ́tò lọ́sàn-án gangan. Òrùlé á funfun jù, ẹ̀gbẹ́ á ṣókùnkùn. Ẹ dúró di ìdajì wákàtí kí oòrùn tó wọ̀. Nígbà náà ni ìlà tó gba ara ilẹ̀kùn kọjá máa ń hàn ketekete.

Èmi a máa lóṣòó kí kámẹ́rà lè bá iná iwájú dọ́gba. Màá yí sítíárìn díẹ̀ kí ojú ríìmù lè kọ sí mi, màá wá rìn sẹ́yìn dáadáa, màá fi lẹ́ǹsì gígùn yà á, torí lẹ́ǹsì tó fẹ̀ a máa mú imú ọkọ̀ wú. Bí gíláàsì bá ń dán jù, fíltà polarizer ni oògùn rẹ̀. Ẹ sì wo ẹ̀yìn ọkọ̀ dáadáa o! Òpó iná tó yọ lórí òrùlé ti ba fọ́tò náà jẹ́.

Eré ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì wà á, kí ẹ fi kámẹ́rà tẹ̀lé e ní ìdá 1/60 ìṣẹ́jú àáyá: ọkọ̀ á mọ́ kedere, igbó ẹ̀yìn rẹ̀ á máa ṣàn.

Ṣùgbọ́n ẹ tètè gba kọ́kọ́rọ́ yín padà. Ẹ́ńjìnì V8 lítà 4.9, agbára ẹṣin 400, jíà mẹ́fà tí ẹ ó máa fọwọ́ yí fúnra yín, nínú ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin tó lè gbé ọmọ lọ síléèwé! Ó ń kùn jẹ́jẹ́ ni, àfi tí ẹ bá tẹná. Abẹ́rẹ́ tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnì ní ìṣẹ́jú kan á kọjá 6,000, agbára rẹ̀ á ṣì máa pọ̀ sí i.