Orúkọ Ta Ni Wọ́n Ń Dá Níbí? Òṣùwọ̀n Ẹlẹ́sìn Òrìṣà fún Àwọn Ibi Ìtàn Kúbà

Àwa ẹlẹ́sìn òrìṣà kì í dáwọ́ lé ohunkóhun láìjúbà. A ó júbà Olódùmarè, a ó júbà irúnmọlẹ̀, lẹ́yìn náà a ó dárúkọ àwọn tó ti lọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, nígbà tí a bá ti Kánádà tàbí ìlú Ọba wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí erékùṣù Kúbà, tí a sanwó láti wo àwọn ibi ìtàn, òṣùwọ̀n tó yẹ wá kì í ṣe ti ẹni tó wá ṣe fàájì lásán. Ìbéèrè tiwa ni pé: orúkọ ta ni wọ́n ń dá níbí? Ta ni a lè júbà?

Ẹ jẹ́ kí a fi ìbéèrè yìí wo ilé-ìṣọ́ Manaca Iznaga nítòsí ìlú Trinidad. Gíga rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 45. Inú Valle de los Ingenios ló wà, àfonífojì tí wọ́n ti ń fi ìrèké ṣe ṣúgà láyé òwò ẹrú. Ní 1988, UNESCO kọ àfonífojì náà àti Trinidad mọ́ àwọn ogún gbogbo ayé. Agogo ńlá orí ilé-ìṣọ́ yìí ló ń pe àwọn ẹrú sẹ́nu iṣẹ́. Láti òkè rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣọ́ wọn. Lónìí, agogo ti wà nílẹ̀, ilé olóko ti di ilé oúnjẹ, wọ́n sì ń ta aṣọ funfun oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ nídìí ilé-ìṣọ́. Ìtàn tí àlejò sábà máa ń gbọ́ ni ti ọmọ ìyá méjì tó ń figagbága: ọ̀kan kọ́lé gíga, èkejì gbẹ́ kànga jíjìn.

N kò bá àwọn aláṣọ wí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun. Ìtàn yẹn ni mo ń bá wí. Ó sọ ilé tí wọ́n fi ń ṣọ́ ènìyàn di eré àwọn ọmọ olówó. Iznaga ni orúkọ olóko, orúkọ náà kò sì kúrò lẹ́nu àlejò. Ẹni tó ru bíríkì dé òkè kò lórúkọ rárá. Àlejò á gun àtẹ̀gùn, á ya fọ́tò, á sọ̀kalẹ̀, láìronú pé ibi tí òun dúró sí ni ojú olùṣọ́ ti ń wo àwọn tó wà nínú oko.

Odi San Severino ní Matanzas sàn ju èyí lọ. 1693 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ láti dáàbò bo èbúté. Ó ti ṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n rí kó tó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọ̀nà ẹrú ní 2009, lára iṣẹ́ tí UNESCO bẹ̀rẹ̀ ní Ouidah, ilẹ̀ Benin, ní 1994. Wọ́n ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún àwọn òrìṣà níbẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ènìyàn kò bá sí, imalẹ̀ kò sí. Òrìṣà tó dá dúró nínú yàrá, ère ni lójú àlejò. Kí ẹni tó bá wo yàrá náà tán wọ ìgboro Matanzas lọ, níbi tí ìlù bàtá kò tíì dákẹ́, kó má baà rò pé ohun àtijọ́ tó ti parí ni òun rí.

Regla, ní òdìkejì omi èbúté Havana, kò ní ilé-ìṣọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ló wà létí omi, tí Màríà dúdú wà nínú rẹ̀, ẹni tí àwọn ènìyàn wa mọ̀ sí Yemọja. Gbogbo 7 oṣù September ni èrò ń rọ́ lọ bá a. Ìlú yìí ni Remigio Herrera gbé, babaláwo tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Yorùbá, tó sì kú ní 1905. Adéṣínà lorúkọ rẹ̀, wọ́n sì ń dá a nínú ìjúbà títí dòní. Níbí, ìbéèrè wa rí ìdáhùn.

Wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní oko Triunvirato, ní ẹkùn Matanzas, obìnrin Lúkúmí kan wà lára àwọn tó ṣáájú ọ̀tẹ̀ ẹrú ní 5 oṣù November 1843. Wọ́n pa á. Carlota là ń pè é, orúkọ tí kò ti ilé wa wá. Èyí tí ìyá àti bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ti sọnù. Síbẹ̀, ère ìrántí wà fún un lórí ilẹ̀ tó ti jà. Ìyẹn ju ohun tí Manaca Iznaga ṣe lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń kó àwọn ọmọ awo lọ sí Kúbà, ẹ má fi Trinidad nìkan ṣe ìrìn àjò yín. Bí ẹ bá sì dé ìdí ilé-ìṣọ́ náà, ẹ ta omi sílẹ̀, ẹ júbà àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó gun òkè, ẹ bi afinimọ̀nà pé ta ló ru bíríkì wọ̀nyí. Bí gbogbo àlejò bá ń béèrè rẹ̀, yóò di dandan kí wọ́n wá ìdáhùn.