Ojú Ni Kí A Kọ́kọ́ Kọ́

Ẹni tó bá fẹ́ mòye irú ẹni tó ṣe ọ̀ràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí a ti ń wo nǹkan. Ìdí nìyí tí mo fi mọrírì iṣẹ́ Frances Glessner Lee, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó kọ́ àwọn ilé kéékèèké tó dà bí ibi tí èèyàn kú sí, ní àwọn ọdún 1940, tó sì fi wọ́n kọ́ àwọn ọlọ́pàá ní Harvard. Píìnì ló fi hun ìbọ̀sẹ̀ àwọn ọmọláńgidi inú wọn. Ó tilẹ̀ kun awọ wọn bí ti òkú tó ti ń yí àwọ̀ padà.

Àwọn kan lè ní ìwé ti tó. Lóòótọ́, ìwé ló kọ́ wa pé ẹ̀jẹ̀ òkú máa ń wálẹ̀ síbi tó fi lélẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí i pé òkú nà gbalaja, ojú sókè, tí àmì ẹ̀jẹ̀ tó wálẹ̀ sì wà láyà rẹ̀, yóò béèrè ẹni tó padà wá yí i, àti ohun tó ń wá.