Ojú Ogun Tàbí Ààlà? Àyẹ̀wò Èdè-Ìperí Kan Nínú Ìmọ̀ Ojú-Ọjọ́

Ogun àgbáyé ti 1914 sí 1918 ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà tí àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́ ní Bergen, ní ilẹ̀ Nọ́wè, fi ojú ogun ṣe àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ fún ibi tí afẹ́fẹ́ tútù ti ń pàdé afẹ́fẹ́ gbígbóná. Front ni wọ́n pè é. Lọ́dọ̀ tiwọn, àfiwé náà bá a mu. Bí ìṣàn afẹ́fẹ́ bá ń ti àwọn méjèèjì súnmọ́ra, yíyí tí ayé ń yí a máa mú kí afẹ́fẹ́ ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ààlà wọn dípò kí ó kọjá tààrà sí òdìkejì. Bí ìyàtọ̀ ìgbóná wọn bá sì ṣe ń pọ̀ sí i lójú kan ni ìwọ̀ntúnwọ̀nsì yìí ń yẹ̀: èyí tó gbóná á gòkè, èyí tó tutù á wálẹ̀, ààlà á túbọ̀ mú. Hoskins àti Bretherton fi ìṣirò hàn ní 1972 bí irú ààlà bẹ́ẹ̀ ṣe lè mú bí ojú abẹ.

Àléébù wọ ọ̀rọ̀ náà nígbà tí wọ́n gbé e wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n pe ibi tí ọyẹ́ ti ń pàdé afẹ́fẹ́ òkun ní Inter-Tropical Front. Agbára tí yíyí ayé fi ń darí afẹ́fẹ́ ní Bergen tó ìlọ́po méje àti ààbọ̀ ti Ìkẹjà. Èyí tó tún burú ni pé orúkọ náà ń mú akẹ́kọ̀ọ́ wá òjò sí ibi tí kò sí. Afẹ́fẹ́ òkun ló máa ń wọ abẹ́ ọyẹ́, nítorí pé ọyẹ́, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ òtútù òwúrọ̀, a máa gbóná jù ú lọ lọ́sàn-án. Níbi ààlà gan-an, afẹ́fẹ́ òkun fẹ́lẹ́, ọyẹ́ gbígbẹ sì bò ó mọ́lẹ̀, ìkùukùu kò lè ga. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà sí gúúsù ni òjò gidi ti ń rọ̀. Ní oṣù kìíní, ààlà yìí súnmọ́ Èkó, síbẹ̀ eruku ni Allen Avenue ń rí. Ní oṣù kẹjọ, ó ti dé nǹkan bíi dìgírì 20 ní àríwá ìlà-agbedeméjì-ayé, òjò Èkó a sì dínkù.

Ohun tó jọ ojú ogun jù lọ lójú ẹni tó dúró ní Allen Avenue ní oṣù kẹrin kò sí nínú orúkọ yẹn rárá. Láti ìlà-oòrùn ni ìjì náà ti ń bọ̀. Ojú ọ̀run á ṣú, ooru á mú, afẹ́fẹ́ tútù á sì já lójijì, á gbé eruku àti ọ̀rá sókè kí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ tó kan ọ̀dà. Òjò tó ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́ lókè ló sọ afẹ́fẹ́ yẹn di tútù, tó fi wúwo, tó já wálẹ̀, tó sì ń ti èyí tó gbóná sókè níwájú rẹ̀. Yíyí ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ má lọ́wọ́ sí i.

Àwọn onímọ̀ ti fi Discontinuity rọ́pò Front nínú orúkọ ti àkọ́kọ́. Àtúnṣe gidi ni, bó tilẹ̀ gbẹ lẹ́nu. “Ààlà ọyẹ́” ì bá yé ọmọ ilé-ìwé jù, kí “ojú ìjì” sì jẹ́ ti afẹ́fẹ́ tó ń ṣáájú òjò. Ìṣòro kan ṣì kù: ààlà ilẹ̀ kì í rìn, èyí sì ń ti etí òkun rìn dé aṣálẹ̀ Sàhárà lọ́dọọdún.