Ṣé Àgbákò Ti Jẹun?

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń pariwo, àwa àtàwọn ọmọ márùn-ún jókòó sórí ẹní ní fàráńdà ilé wa l'Agége. Èyí tó kéré jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, èyí tó dàgbà jù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Àwa mẹ́ta tí a pè wọ́n jọ, kóòdù la ń kọ jẹun n'Ìkẹjà. A kì í ṣe tíṣà, a kì í sì ṣe apàlọ́. Ohun tí a gbé síwájú wọn kò ju dáìsì kan tí a yọ nínú lúdò, páálí tí a ya igbó sí, àti Àgbákò.

Ẹni tó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ mọ Àgbákò, iwin olójú mẹ́rìndínlógún tí Àkàrà-oògùn bá wọ̀yá ìjà. A ti múra sílẹ̀ fún ọ̀nà mẹ́ta tí àwọn ọmọ lè gbà kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀: kí wọ́n bá a jà, kí wọ́n sá, tàbí kí wọ́n tàn án jẹ. Ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́fà, na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Bùọ̀dá, ṣé ó ti jẹun?" A ní ta ni? Ó ní, "Àgbákò náà. Ṣebí òun ló ń ṣọ́ géètì."

Ìyẹn ò sí nínú ohun tí a kọ sílẹ̀. Nínú iṣẹ́ wa, bí ẹni tó ń lo app bá ṣe ohun tí a ò retí, bug la máa ń pè é, a ó sì wá bí a ṣe máa dí i. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a ò mọ̀ bóyá ká dí i tàbí ká ṣílẹ̀kùn fún un.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: nínú eré ìtàn orí tábìlì, ẹnì kan á máa pa ìtàn, àwọn yòókù á máa sọ ohun tí èèyàn tiwọn nínú ìtàn náà fẹ́ ṣe. Tí ohun náà bá le, wọ́n á ju dáìsì, iye tó bá já ló máa sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde l'Amẹ́ríkà ní 1974.

Bí ẹ bá sọ èyí fún ọmọ Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èsì tí ẹ máa gbọ́ ni pé, "Ṣebí àlọ́ náà nìyẹn? Àwọn bàbá wa ti ń ṣe é tipẹ́." Àwa náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ó dùn ún sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́ délẹ̀. Nínú àlọ́ àpamọ̀, ọmọdé ló ń dáhùn, àmọ́ ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà. Tó bá jẹ́ ọmọ́rogùn ni, ọmọ́rogùn náà ni. Nínú àlọ́ àpagbè, ọmọdé ń gberin, ohùn rẹ̀ sì ṣe pàtàkì, torí àlọ́ tí kò ní elégbè kò dùn. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó lè dá ìyá àgbà dúró pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí Ìjàpá má lọ jí iṣu yẹn." Ìjàpá máa jí i, ojú á sì tì í.

Nígbà tí àlọ́ sì bọ́ sínú ìwé, irú bí Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá tí Adébóyè Babalọlá kó jọ ní 1973, a rí ìtàn náà pa mọ́, ohun tó dára ni. Elégbè nìkan ni kò rí ibi jókòó sí. Tales by Moonlight ti NTA mú àwọn ọmọ padà wá síwájú apàlọ́, àmọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, ọmọ tó wà nílé sì ń wòran ni.

Tí a bá ń wá ìbátan eré yìí nínú iṣẹ́ Yorùbá, ọ̀dọ̀ Fágúnwà ló yẹ ká lọ. Ní 1938, ọdún mẹ́rìndínlógójì ṣáájú Dungeons & Dragons, ó ti kó àwọn ọdẹ jọ, ọba rán wọn lọ sí Òkè Lángbòdó, ohun tí kálukú sì lè ṣe yàtọ̀. Kàkó ní kùmọ̀, Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ní ohùn orin, Elégbèdè-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe eré orí tábìlì rí máa mọ irú ẹgbẹ́ yìí lójú ẹsẹ̀. Ọmọ tí a bá ní kó mú ọ̀kan nínú wọn ò nílò àlàyé gígùn. Èyí tó dàgbà jù mú Kàkó kí a tó sọ̀rọ̀ tán.

Àmọ́ tíṣà ni Fágúnwà. Bí àwọn ọdẹ rẹ̀ bá ti bọ́ nínú ewu kan, ẹ̀kọ́ ti dé nìyẹn. Àwa tí a kà á ní kékeré fẹ́ràn ewu náà, a sì máa ń fo ẹ̀kọ́. Ohun tí eré yìí ń ṣe tí ìwé ò lè ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí ọmọ sọ̀rọ̀ kí ẹ̀kọ́ tó dé.

Ẹ jẹ́ ká padà sí fàráńdà. Bàbá ọmọ yẹn ń ṣọ́ géètì ilé-iṣẹ́ kan lálẹ́. Láti Ọ̀gbà títí dé Ọba Akran, àìmọye bàbá ló ń jáde nílé nígbà tí àwọn ọmọ wọn bá ń múra àtisùn. Lójú ọmọ yìí, ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà lálẹ́, tí kì í jẹ́ kéèyàn wọlé, kì í ṣe ọ̀tá. Ẹni tí ebi lè máa pa ni.

A ní kó ju dáìsì. Méjì ló já. Gẹ́gẹ́ bí òfin tí a kọ, Àgbákò máa gbé e mì. Ọ̀kan nínú wa ti ń wá bó ṣe máa fi ọwọ́ yí dáìsì náà. Kàkó ló gbà wá sílẹ̀: "Ó jẹ oúnjẹ náà, àmọ́ kò yó." Ni àwọn ọmọ bá fi gbogbo ìyókù alẹ́ wá oúnjẹ kiri inú Igbó Irúnmalẹ̀. Wọ́n rí búrẹ́dì Agége níbẹ̀ o!

Ibí ni a ti rí àléébù eré tí a yá. Nínú Dungeons & Dragons àtijọ́, wúrà àti pípa ẹbọra ni èèyàn fi ń gba pọ́íǹtì; ẹni tó bá bọ́ ẹbọra yó kò rí nǹkan kan gbà. Àwọn ọkùnrin inú wọn ti kọ́ ìyẹn láti inú kátúùnù: "I attack! I use my power!" Èdè Gẹ̀ẹ́sì náà ni ìjà ń bá wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọbìnrin yẹn fẹ́ dé ọ̀dọ̀ Àgbákò, ó kúnlẹ̀ lórí ẹní, ó ní, "Ẹ kú àìsùn o, sà." Ẹ wá èyí tó jọ ọ́ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí wọ́n ń nà nílé-ìwé torí pé ó sọ Yorùbá rí ibi tí Yorùbá ti wúlò ju kùmọ̀ Kàkó lọ.

Àléébù kejì: ọmọ ọdún mẹ́rin ò mọ ohun tí dáìsì wà fún, ó fẹ́ gbé e sẹ́nu. Àlọ́ ló yanjú ìyẹn. A dá orin kékeré kan sílẹ̀, a ní kí ẹnikẹ́ni má ju dáìsì títí yóò fi dá orin náà, kí gbogbo wa sì gbè é. Ó di ọ̀gá gbogbo wa.

Màmá àgbà kan nínú ilé wa gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Wọ́n ní, "Bí gbogbo yín bá ń yí ìtàn padà, ta ló máa rántí ìtàn?" Ìbéèrè gidi ni, a ò sì lè fi ẹ̀rín gbé e kọjá. Àwọn ọmọ yìí ò tíì mọ bí Àkàrà-oògùn ṣe bá Àgbákò jà, a sì ti ń bá wọn tún un ṣe. Látìgbà náà, a máa ń kọ́kọ́ pa ìtàn náà bó ṣe wà, Màmá gan-an ló sì ń pa àlọ́ Ìjàpá. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó ń gbé dáìsì jáde. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Èrò tiwa ni pé eré yìí kò lè rọ́pò àlọ́, àlọ́ náà ò sì lè ṣe iṣẹ́ eré yìí. Ọ̀kan ń kọ́ ọmọ ní ohun tó ti ṣẹlẹ̀, èkejì ń bi í pé, "Ìwọ ńkọ́, kí lo máa ṣe?" Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi àwọn ọmọ àdúgbò wa ní ìbéèrè yẹn, ní èdè wọn, tó sì dúró gbọ́ èsì.

Ẹ yọ dáìsì nínú lúdò yín. Ẹ mú páálí kan. Tí ọmọ bá sì sọ ohun tí ẹ ò kọ sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dí i.